Yorùbá ló wà nídìí àṣìkọ Gẹ̀ẹ́sì wa

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ wa bá ti délẹ̀, ohun kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí: Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì wọn jẹ́, kí wọ́n yéé sọ ọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí ló jóòótọ́. Yorùbá ló wà nídìí púpọ̀ nínú àwọn àṣìkọ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ọmọ pa Yorùbá tì kọ́ ni yóò wò ó sàn. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ètò kan sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá mọ ohun tí Yorùbá ń ṣe ló máa tètè rí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti yà kúrò lọ́nà. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù la fẹ́ fi hàn bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà yìí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí, "yá". Bí Délé bá gba ẹgbẹ̀rún náírà márùn-ún lọ́wọ́ Bísí, a ó ní Délé yá owó lọ́wọ́ Bísí. A ó tún ní Bísí yá Délé lówó. Yá kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń jẹ́ ká mọ ẹni tó gbà àti ẹni tó fúnni. Gẹ̀ẹ́sì là á sí méjì: ẹni tó gbà ni "borrow" wà fún, ẹni tó fúnni ni "lend" wà fún. Ìdí nìyẹn tí "borrow me your pen" fi pọ̀ lẹ́nu wa. Ẹni tó sọ ọ́ kò ya òpè, Yorùbá ló ń rò. Ohun tí ẹ lè fi dán an wò ni pé "borrow" máa ń mú "from" dání: "I borrowed a pen from Bisi." Bí "from" kò bá lè wọlé, "lend" lẹ ń wá: "Lend me your pen."

"Gbọ́" náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. À ń gbọ́ ariwo, à ń gbọ́ òórùn ẹja, a sì ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. "Hear" Gẹ̀ẹ́sì kò kọjá ohun tí etí gbọ́. Òórùn ẹja, "smell" ni: "I can smell fish." Èdè, "understand" ni: "I don't understand French." Ẹni tó bá sọ fún òyìnbó pé "I'm hearing the smell of fish", onítọ̀hún á máa wo etí rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ló kàn. Ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá kì í pààrọ̀ aṣọ: mo lọ, mò ń lọ, mo ti lọ, màá lọ. Lọ ni lọ, ohun tó ń sọ àsìkò kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ìṣe fúnra rẹ̀ ló ń yí padà: go, goes, went, gone. Ọmọ tó ti há èyí sórí á wá máa fi "went" sí gbogbo ibi tó bá ti jẹ́ àná, títí tí yóò fi kọ "Did you went?" tàbí "I didn't saw him." Ẹ sọ fún un pé ẹrù kan ni àsìkò, ẹni kan ṣoṣo ló sì ń rù ú nínú gbólóhùn. Bí "did" bá ti gbé e, ọwọ́ òfìfo ni ọ̀rọ̀ ìṣe tó tẹ̀ lé e máa fi rìn: "Did you go?", "I didn't see him." Òfin yìí kan náà ló mú "s" kúrò lẹ́yìn "does". "She sells rice" ni, ṣùgbọ́n "Does she sell rice?", nítorí "does" ti gba "s" náà mọ́ra.

Ibi tí àwọn àgbà tó kàwé gan-an ti ń ṣubú ni "máa ń". Mo máa ń lọ sọ́jà ní Sátidé. Wọ́n á kọ ọ́ báyìí: "I use to go to the market on Saturdays." Ohun tó ti kọjá tí kò sí mọ́ ni "used to" Gẹ̀ẹ́sì wà fún, ẹ sì rí i pé ó ní "d" lẹ́yìn. "I used to go to the market" túmọ̀ sí pé mo ti máa ń lọ tẹ́lẹ̀, n kì í lọ mọ́. Fún ohun tí ẹ ṣì ń ṣe, "I go to the market on Saturdays" ti tó. Bí ẹ bá fẹ́ kí "máa ń" hàn dáadáa, ẹ fi "usually" sí i.

Ní ti ọ̀pọ̀, ẹ wo "ìwé mẹ́ta": nítorí "mẹ́ta" ti sọ iye rẹ̀, ìwé kò ní ìdí láti yí padà. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà, àfi kó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì: "three books". Ìyẹn ni "three book" fi ń yọ́ wọ ìwé àwọn ọmọ. Èyí tó le jù ni "one of". Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi: àwọn ọ̀rẹ́ pọ̀, ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹnì kan. Nítorí náà "friends" ní "s", ọ̀rọ̀ ìṣe sì wà fún ẹnì kan: "One of my friends is a tailor." "One of my friend are" ti gbé méjèèjì dorí kodò.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí Gẹ̀ẹ́sì kì í kà ní ẹyọ rárá: furniture, equipment, luggage, information, advice, homework. Bí omi ni kí ẹ ṣe mú wọn. A kì í sọ pé omi kan, omi méjì. Ife omi là ń kà. "A piece of advice", "two pieces of furniture", bí wọ́n ṣe ń kà wọ́n nìyẹn. "Staff" jọ wọ́n díẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan lápapọ̀ ló ń jẹ́ "staff", nítorí náà "I am a staff of the bank" kò tọ̀nà. "I am a member of staff" ni. "A staff" gangan, ọ̀pá ni.

Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ "ó". Ó dé, ó jẹun, ó sùn: ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ewúrẹ́ ni o, "ó" kan náà ni. Ẹni tó ń ro Yorùbá tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì á kọ "My mother came and he bought bread" láìfura, ojú rẹ̀ kò sì ní rí i bó bá tún un kà, nítorí "ó" ló ń kà lọ́kàn. Kíkà lásán kò lè mú un. Lẹ́yìn tí ọmọ bá kọ̀wé tán, kó fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ gbogbo he, she, his àti her, kó sì fi ìka tọ́ka sí ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú méjì ni.

Ọ̀wọ̀ tún ń kóni sí wàhálà. "Bàbá mi ní àwọn ń bọ̀" ló di "My father said they are coming." Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á rò pé bàbá náà ń kó àwọn kan bọ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi "they" bọ̀wọ̀ fún àgbà, "he" ni bàbá, kò sì sí àrífín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "they" lè dúró fún ẹnì kan ṣoṣo níbi mìíràn, ìyẹn nígbà tí a kò bá mọ ẹni náà: "Someone has left their umbrella." Èyí tọ̀nà. Bí olùkọ́ bá fi báírò pupa fà á, kí òbí lọ bá a sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.

A ní kí a má gbàgbé "tí". Ọkùnrin tí mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́: "tí" kan wà, "rẹ̀" náà wà. Àwọn ọmọ á gbé méjèèjì sọdá: "the man that his car broke down". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún "tí…rẹ̀", òun ni "whose": "the man whose car broke down". "Although" náà rí bẹ́ẹ̀. Bí òjò tilẹ̀ rọ̀, síbẹ̀ a lọ. Yorùbá fẹ́ràn kó ní "bí…tilẹ̀" níwájú àti "síbẹ̀" lẹ́yìn. Ọ̀kan péré ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́: yálà "Although it rained, we went" tàbí "It rained, but we went."

Àwọn tó ń gbé ní London tàbí Houston máa mọ èyí: ẹ bi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé pé "Haven't you eaten?" Ó dáhùn pé "Yes", ẹ kò sì fún un lóúnjẹ. Ebi sì ń pa á. "Ṣé o ò tíì jẹun ni?" ló gbọ́, "bẹ́ẹ̀ ni, mi ò tíì jẹun" ló sì fi dáhùn. Yorùbá ń fọwọ́ sí ohun tí ẹ sọ. Gẹ̀ẹ́sì kò wo bí ẹ ṣe béèrè, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń wò: bí kò bá tíì jẹun, "No, I haven't" ni.

Ó wá ku àwọn àmì. Apostrophe ni wọ́n ń bi wá léèrè jù, iṣẹ́ méjì péré ló sì ń ṣe. Àkọ́kọ́, ó ń dúró sí àyè lẹ́tà tó ti bọ́ sọnù: "do not" di "don't", "it is" di "it's". Àwọn tó ti ka ìwé Yorùbá àtijọ́ mọ èyí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ "n'ílé" àti "l'ọ́jà" nígbà náà, kí a lè mọ̀ pé fáwẹ́lì kan ti lọ. Àkọtọ́ òde òní ti yọ ọ́ kúrò nínú Yorùbá, "nílé" là ń kọ báyìí. Gẹ̀ẹ́sì kò yọ tirẹ̀.

Iṣẹ́ kejì ni ti oní-nǹkan. Yorùbá ń fi ohun tí a ní ṣíwájú, ilé Adé. Gẹ̀ẹ́sì ń fi ẹni tó ni ín ṣíwájú, "Ade's house". Ibi tí apostrophe yóò wà ni kì í yé àwọn èèyàn. Ọ̀nà kan rèé tí kì í yẹ̀: ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ oní-nǹkan tán pátápátá, ìbáà jẹ́ ẹnì kan tàbí ọ̀pọ̀, láìro apostrophe. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi apostrophe sí ìparí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ní "s" ọ̀pọ̀ nídìí, ẹ dúró níbẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ fi "s" kún un. Olùkọ́ kan ló ni àga: teacher, "the teacher's chair". Àwọn olùkọ́ ló ni yàrá: teachers, "the teachers' room". Àwọn ọmọ: children, kò sí "s" nídìí rẹ̀, nítorí náà "the children's shoes". Àwọn tó ń kun pátákó ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń kọ "Ladie's Wear", ẹ̀yin náà ẹ ronú wò: ta ni ń jẹ́ "Ladie"? Àwọn obìnrin ni "ladies", nítorí náà "Ladies' Wear". Àti pé ọ̀pọ̀ lásán kì í gba apostrophe. "Tomato's" lójú pátákó ń sọ pé tòmátì ní nǹkan kan. "Tomatoes" ni.

"Its" àti "it's" wá ńkọ́? Ẹ kà á bíi "it is" tàbí "it has". Bó bá mọ́gbọ́n wá, apostrophe wà níbẹ̀. "The goat lost it's rope": "the goat lost it is rope", kò mọ́gbọ́n wá, nítorí náà "its". Ẹ rántí pé kò sẹ́ni tó ń fi apostrophe sínú "his". Ìdílé kan náà ni his, its, hers, ours, yours àti theirs, kò sí èyí tó ní apostrophe nínú wọn.

Kọ́mà ni wọ́n fi ń jẹ wá níyà jù nínú àròkọ. "Níbi tí o bá ti mí, fi kọ́mà sí i" ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń sọ. Ìmọ̀ràn yẹn ló fa "The boys who came yesterday, are my cousins." Òótọ́ ni pé èèyàn lè mí lẹ́yìn "yesterday", ṣùgbọ́n kọ́mà kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ya olùwà kúrò lára ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀. Ìkejì ni gbólóhùn méjì tí wọ́n fi kọ́mà so pọ̀. "Òjò pọ̀, a kò jáde" dùn lẹ́tí Yorùbá, kò sí ohun tó ṣe é. "It rained heavily, we stayed in" kò tọ̀nà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi ọwọ́ bo apá òsì, ẹ ka apá ọ̀tún. Ẹ bo apá ọ̀tún, ẹ ka apá òsì. Bí apá kọ̀ọ̀kan bá lè dá dúró, kọ́mà nìkan kò lágbára tó láti dè wọ́n. Ẹ fi àmì ìdánudúró (.) sí i, tàbí semicolon (;), tàbí kí ẹ fi "so" sẹ́yìn kọ́mà náà: "It rained heavily, so we stayed in."

Kọ́mà tún ń yí ìtumọ̀ padà. "We have cooked, Bisi" ń pe Bísí wá jẹun. Ẹ yọ kọ́mà kúrò, "We have cooked Bisi", a ti se Bísí nìyẹn. Èyí tó farasin jù rèé: "My brother who lives in Lagos is a mechanic" àti "My brother, who lives in Lagos, is a mechanic." Nínú àkọ́kọ́, arákùnrin mi ju ẹyọ kan lọ, èyí tó ń gbé Èkó ni mò ń tọ́ka sí. Nínú èkejì, ẹnì kan ni mo ní, ti Èkó yẹn kàn jẹ́ àfikún. Méjì ni kọ́mà irú èyí máa ń jẹ́, bíi bírákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ṣí i kó pa á dé.

Lórí fóònù, àṣìṣe tó gbòde jù ni àyè: "Good morning ,sir." Kọ́mà máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni àyè ń wà: "Good morning, sir."

"A" àti "an": etí ni kí ẹ lò, kì í ṣe ojú. "An hour", nítorí "h" rẹ̀ kò dún. "A university", nítorí "yu" la gbọ́. "An NYSC member", nítorí "ẹ́n" la fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n "a JAMB form". Ẹni tí kì í pe "h" jáde, tó ń pe "house" ní "aus", á kọ "an house" láìmọ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń kọ "as" dípò "has". Ẹnu ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe fún un kí ẹ tó tún bírò ṣe.

Àwọn òbí á ní ṣé àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ yìí tó nǹkan ni. Nínú máàkì 50 tí WAEC ń fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, 10 wà fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún ìlò èdè, 10 tó kù sì wà fún gírámà, àmì àti sípẹ́lì. Ìdajì máàkì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan nínú 10 ìkẹyìn yìí. Àṣìṣe ogún ti gbé e lọ tán. Nínú ìṣẹ́jú 50 tó wà fún àròkọ, kí ọmọ fi márùn-ún sílẹ̀ ní ìparí fún he àti she, did, kọ́mà àti apostrophe, kó wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń wá gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í rí ìkankan.

Lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́ la ó fi kádìí rẹ̀, nítorí máàkì tí àwọn ọmọ ń sọ nù níbẹ̀ kò yẹ kó sọ nù. Àdírẹ́sì méjì ló ń ní, ti ẹni tó kọ ọ́ àti ti ẹni tí a kọ ọ́ sí, pẹ̀lú déètì. "Dear Sir," ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kọ́mà wà lẹ́yìn rẹ̀. Àkọlé tẹ̀ lé e, a kì í sì fi àmì ìdánudúró sí ìparí àkọlé. Ní ìsàlẹ̀, "Yours faithfully," ni: "Y" ńlá, "f" kékeré, kọ́mà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí apostrophe nínú "Yours". Ẹni tó bá fi orúkọ bẹ̀rẹ̀, bíi "Dear Mr Ojo," "Yours sincerely," ni yóò fi parí. Lẹ́yìn náà ni kó buwọ́ lù ú, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún sábẹ́ rẹ̀. Ti Yorùbá rọrùn díẹ̀:

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì méjì,
Ìbàdàn.